Imí-eṣú: a mọ̀ ọ́n fún egbò, ṣé ó wá yẹ kí ọmọdé àti aláboyún máa mu ún?

Ìyá Mọ́rádékẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ imí-eṣú ni mo gbé wá. Àtìgbà tí òjò ti dé ló ti gba ẹ̀yìnkùlé wa kan, ó sì ti ń tanná báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgò gé ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi já ewé yìí, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n gbo ó lọ́wọ́, wọ́n fún oje rẹ̀ sójú egbò náà, kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ìyẹn kò kọ mí lóminú rárá.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni pé inú máa ń run ọmọ yìí lóòrèkóòrè, màmá sì ní àwọn fẹ́ máa se imí-eṣú ní àgbo fún un láràárọ̀ títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí èmi náà máa bù ú mu nítorí ibà. Oyún sì wà lára mi. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn wa dénú ni màmá, n kò fẹ́ sọ ohun tí yóò dùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ewé yìí dáadáa, kó bá mi dá sí i.

Ọmọ Olóko

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kò sí ẹni tó ń roko tí kò mọ imí-eṣú. Bí a bá ro ilẹ̀ tán, tí òjò rọ̀ sí i, òun ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Mo kà á níbì kan pé ìdí rẹ̀ kan ṣoṣo lè so hóró tó tó 40,000, mo sì gbà á gbọ́, nítorí hóró yẹn fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn ń gbé e, omi ń gbé e, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Lóko, bí àdá bá ṣá èèyàn, ewé mẹ́ta la máa ń sáré wá: imí-eṣú, yúnyún àti ewé Akíntọ́lá. Èyí tó bá súnmọ́ wa jù la ń já. Nítorí náà, ohun tí màmá ṣe sí egbò yẹn, bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa mu ún láràárọ̀ fún odindi ìgbà òjò? Lọ́dọ̀ tiwa, n kò tíì rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́wé Ọmọ

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ewé ni mò ń tà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ìyá mi sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá tiwọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ewé tí à ń sọ. Méjì-méjì ni ewé imí-eṣú ń kọjú síra lára igi rẹ̀. Etí ewé náà ní eyín wẹ́wẹ́. Irun funfun wà lára igi rẹ̀ àti lára ewé, ẹ óò rí i bí ẹ bá gbé e sí oòrùn. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké máa ń ṣù jọ sórí, òmíràn a funfun, òmíràn a dà bí elésè àlùkò. Bí ẹ bá fọwọ́ rún ewé náà, òórùn rẹ̀ á ta sókè bí òórùn òbúkọ. Bí ẹ kò bá gbọ́ òórùn yẹn, òun kọ́, ẹ má fi kan ara ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ti egbò, ẹ ti sọ ọ́. Ara yíyún, kúrúnà, làpálàpá: a máa ń gún un mọ́ ọṣẹ dúdú, a fi ń wẹ̀. Orí fífọ́: a gbo ó, a fi ra iwájú orí. Ibà: a sè é mọ́ àwọn ewé mìíràn, a fi omi rẹ̀ wẹ̀, ẹlòmíràn a sì bù mu. Inú rírun: oje rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, àgbàlagbà a tọ́ ọ wò, ọmọdé a lá a díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń kán an sójú tó bá pọ́n.

Mo ti ń rí àwọn tó ń sọ lórí ẹ̀rọ ayélujára pé májèlé ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wá sọ iye ọmọ tó ti pa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Màmá Ẹlẹ́wé Ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. N óò padà wá sọ̀rọ̀ nípa mímu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ojú yìí kò ṣeé dúró dè: ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kó má ṣe kán oje ewé kankan sójú, ì báà jẹ́ imí-eṣú, ì báà jẹ́ òmíràn. Iyẹ̀pẹ̀ tín-ńtín tó wà lára ewé tó láti dá egbò sí ẹyinjú, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì lè fọ́ ojú náà pátápátá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Màmá Ẹlẹ́wé Ọmọ, bí ẹ ṣe júwe ewé yẹn, ẹni tí kò rí i rí yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ageratum conyzoides ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ilẹ̀ olóoru ti Amẹ́ríkà ló ti wá kó tó tàn káàkiri ayé. Ní Brazil, wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé. Ní Vietnam, wọ́n ń lò ó fún imú dídí. Ọ̀rọ̀ egbò tí ẹ sọ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní 1977, ìwádìí kan tí J. I. Durodola ṣe lórí ewé yìí gẹ́gẹ́ bí oògùn egbò jáde nínú Planta Medica, ó sì fi hàn pé omi ewé náà ń dí kòkòrò àrùn lọ́wọ́ nínú yàrá ìwádìí.

Ìbéèrè tí ẹ bi ni mo fẹ́ dáhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oró kan wà nínú imí-eṣú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pyrrolizidine alkaloid. Oríṣiríṣi ni, lycopsamine àti echinatine wà lára èyí tí wọ́n bá nínú ewé tiwa yìí. Bí ó ṣe wà nínú ewé, kò tíì mú. Ìgbà tí ẹ̀dọ̀ èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ kó lè tú u dànù ló tó ń di oró gidi, inú ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló sì ti ń ṣọṣẹ́. Ó ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tìn-tín tó wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní í rí ọ̀nà kọjá mọ́, ẹ̀dọ̀ á wú, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro sínú ikùn.

Ní Tigray, ní àríwá Ethiopia, láti nǹkan bí 2001, inú bẹ̀rẹ̀ sí í wú àwọn ará abúlé kan, tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ọkà tí wọ́n ń jẹ wò, hóró imí-eṣú ló dà pọ̀ mọ́ ọn, oró tí mo dárúkọ yìí sì wà nínú ọkà náà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e tún tọ́ka sí oògùn apakòkòrò DDT tí wọ́n ń lò ládùúgbò yẹn pé ó lè ti mú kó burú sí i.

Àwọn èèyàn yẹn kò mu àgbo o. Díẹ̀díẹ̀ ni, nínú oúnjẹ, fún ìgbà pípẹ́. Ìdí tí a kì í fi í rí iye ọmọ tó ti pa nìyẹn, màmá. Kì í pa lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mu ún lónìí á dìde, á lọ síbi iṣẹ́. Bí inú bá wá wú u ní oṣù mélòó kan sí i, ta ni yóò rántí ewé? Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹlẹ́wé Ọmọ

Ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí o kọ. Ọ̀rọ̀ Tigray yẹn bà mí nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n hóró inú ọkà nìyẹn, ewé ni tèmi. Àti pé a kì í mu ún ní tútù. A máa ń sè é títí omi rẹ̀ á fi dúdú. Ṣé iná kì í pa oró ni? Ewé gbágùúdá pàápàá, bí a bá sè é, ó ń di jíjẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ìbéèrè tó dára gan-an ni, màmá. Oró inú gbágùúdá máa ń bá ooru fò lọ, ìyẹn ni sísè ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Oró ti imí-eṣú kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí à ń fi se àgbo kì í pa á, kì í sì í bá ooru lọ. Ohun tí sísè ń ṣe ni pé ó ń fà á jáde láti inú ewé wá sínú omi, omi yẹn gan-an la sì ń mu. Bí a bá sì rẹ ewé náà sínú ọtí, kò yàtọ̀. Oró yìí wà nínú ewé, ó wà nínú òdòdó àti hóró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pọ̀ bákan náà láti ibi kan sí ibòmíràn, tàbí láti ìgbà kan sí ìgbà kan. Nítorí náà, ife tí a mu lánàá kò lè sọ fún wa bí ti òní ṣe le tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan tó máa ń wú mi lórí kún un. Nínú imí-eṣú àti ẹbí rẹ̀, èròjà kan tún wà tó ń jẹ́ precocene. William Bowers àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kéde rẹ̀ ní 1976. Ó máa ń mú kí ọmọ kòkòrò yára di àgbà kí ìgbà rẹ̀ tó pé, kò ní í tóbi, kò sì ní í lè yé ẹyin. Ewé náà ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ewéko tó lè ṣe irú èyí kì í ṣe koríko lásán, a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ kí a tó gbé e mì.

Bàbá Onísègùn

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ewéko yìí sọ̀rọ̀ dáadáa, ìyá ẹlẹ́wé náà kò purọ́. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nínú iṣẹ́ tí a kọ́, oògùn tí à ń fi sára àti oògùn tí à ń gbé mì kì í ṣe ẹgbẹ́. Bàbá mi fi imí-eṣú wo egbò ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lábẹ́ wọn. N kò rí wọn kí wọ́n sè é fún ọmọdé mu. Aláboyún ńkọ́? Ewé tí a ń fún aláboyún kéré níye, àgbà onísègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í kù gìrì fi ewé dán an wò, nítorí ẹ̀mí méjì ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ìsinsìnyí ni pé ẹni tó gbọ́ pé ewé kan dára fún ohun kan á sọ pé ó dára fún ohun gbogbo. Á wá kó ewé mẹ́wàá jọ sínú ìkòkò kan. Bí ara ọmọ bá wá yí padà, èwo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la fẹ́ mú?

Ọmọ Olóko dárúkọ ewé mẹ́ta pọ̀. Ẹ má ṣe kà wọ́n sí ọ̀kan. Òdòdó yúnyún pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ewé rẹ̀ sì máa ń ha ni lọ́wọ́. Akíntọ́lá máa ń di igbó, ó ga ju èèyàn lọ, àwọn bàbá ńlá wa kò sì bá a nílẹ̀ rárá: 1937 ni wọ́n ní ó bá hóró igi gmelina wọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé láti ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ti ń mu àgbo Akíntọ́lá, ẹ bi í pé ìṣẹ̀ǹbáyé ta ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo ti padà dé.

Ti egbò ná. Ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró jù ni ọwọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ má máa ṣí i wò lóòrèkóòrè. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá ní ohun mìíràn lóko ju ewé lọ, n kò ní í bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ fọ ewé náà, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì fọ oje yẹn kúrò bí ẹ bá ti délé. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò tó ń fa títánọ́ọ̀sì ń gbé, ara ewé tó hù sórí ilẹ̀ kì í sì í mọ́ tán. Egbò tó jìn, tí ìgò tàbí ìṣó dá sí ni lára, gba abẹ́rẹ́ títánọ́ọ̀sì. Ìyá Mọ́rádékẹ́, ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yẹn lónìí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá pé.

Ti mímu: kò sí ìgbà kankan tí n óò ní kí ọmọdé tàbí aláboyún mu imí-eṣú. Ẹ̀dọ̀ ọmọdé kò lè fara da oró yìí bíi ti àgbàlagbà, oró náà sì lè ti ara ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀ pé kí àgbo ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Jamaica, láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn dókítà rí ọmọdé púpọ̀ tí inú wọn wú, tí ẹ̀dọ̀ wọn bà jẹ́. Tíì ewé tí àwọn ìyá wọn ń sè fún wọn ló fà á. Kì í ṣe imí-eṣú ni ewé wọn, ṣùgbọ́n irú oró kan náà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ wọn bí ẹ ṣe fẹ́ràn tiyín.

Ẹ̀yin alára, ibà inú oyún kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo dán wò. Ó lè ṣẹ́ oyún, ó lè pa ìyá. Ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún, wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún kí ibà má baà kọlù ú. Ẹ lọ gbà á, kí ẹ sì máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ará Hamburg

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Jámánì ni mò ń gbé. Ewéko kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní comfrey, tí àwọn àgbà wọn fi ń tọ́jú ibi tó wú àti ibi tó rọ́. Irú oró yẹn wà nínú òun náà. Ní 1992, ìjọba fi òfin de gbogbo oògùn ewé tó ní oró yìí: èyí tí wọ́n bá ń gbé mì, oró inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju microgram 1 lọ lóòjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ lọ́dún. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Èyí tí wọ́n ń fi pa ara ṣì wà ní ilé oògùn títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ara tí kò bó, tí kò ní egbò nìkan ni kí a fi pa.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Bí àwọn níbí bá ní kí á má fi ti wọn sójú egbò, ṣé kò yẹ kí àwa náà dín ti imí-eṣú kù?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ó yẹ. Oró náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ara tó dá ṣáṣá wọlé, ṣùgbọ́n ojú egbò kò ní awọ tí yóò dí i. Ẹni tí àdá ṣá, tó fún oje rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ohun tí yóò wọ inú ara rẹ̀ kéré jọjọ. Ẹni tó ní egbò àdáàjinná lẹ́sẹ̀, tó ń di ewé yìí mọ́ ọn lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, tirẹ̀ yàtọ̀, n kò ní í gbà á nímọ̀ràn.

Ìyá Mọ́rádékẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti Jamaica. Ohun méjì ni mo fẹ́ bi. Ọmọ yìí ti mu díẹ̀ nínú àgbo náà kí n tó kọ̀wé síbí, kí ni kí n ṣe? Báwo ni kí n sì ṣe sọ ọ́ fún màmá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ fọkàn balẹ̀. Díẹ̀ tó ti mu yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ dá a dúró lónìí, ẹ má ṣe fún un ní ewé mìíràn láti fi lé e jáde, ẹ má sì ṣe fipá mú un bì. Ẹ máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí: bí ikùn rẹ̀ bá ń wú, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ṣókùnkùn, bí apá ọ̀tún ikùn bá ń dùn ún, bí ó bá kọ oúnjẹ tó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan nínú wọn tó kí ẹ gbé e lọ. Ẹ mú ewé náà dání, ẹ má sì ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà; ẹlòmíràn ń tijú láti sọ ọ́, ibẹ̀ ni ìtọ́jú sì ti ń ṣìnà.

Inú tó ń run ún lóòrèkóòrè yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Aràn lè fà á, ó lè jẹ́ omi tó ń mu, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ tó le. Oògùn aràn kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíá.

Bàbá Onísègùn

Ti ìyá ọkọ yín, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí ewé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ẹsẹ̀ ọmọ, nítorí wọ́n ṣe gudugudu méje. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé ibi ìtọ́jú oyún ní kí ẹ má ṣe mu ohunkóhun yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bá fún yín. Kí ọkọ yín ló bá wọn sọ ti ọmọ, ẹnu ọmọ tí wọ́n bí ni yóò ti rọrùn fún wọn láti gbọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣe nǹkan fún ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá yín mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀ kì í rò pé ìyàwó ló fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ òun.

Ẹlẹ́wé Ọmọ

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. N kò tíì gbà pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí àgbàlagbà tọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò pa á, ọ̀pọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n ti ọmọdé àti aláboyún, mo gbà. Láti òní lọ, ẹni tó bá wá ra imí-eṣú lọ́wọ́ mi, n óò bi í pé ta ló fẹ́ lò ó àti pé fún kí ni. Bí ó bá jẹ́ fún mímu ọmọ, n kò ní í tà á. Ti kúrúnà ńkọ́? Ṣé ẹ ní kí n dá ìyẹn dúró náà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọlọ́run á bùkún yín, màmá. Ti kúrúnà, kòkòrò tín-ńtín tó gbẹ́ ihò sínú awọ ara ló ń fà á, fífi ewé wẹ̀ lè mú kí yíyún rẹ̀ rọlẹ̀ láìpa kòkòrò náà. Ìpara tí wọ́n fi sulphur ṣe tàbí benzyl benzoate wà ní ilé oògùn. Gbogbo ará ilé ni kó lò ó lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ìbora, kí wọ́n sì sá wọn sí oòrùn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù láìlò ó, gbogbo ilé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra.

Ọmọ Olóko

Ọ̀rọ̀ Tigray yẹn kò kúrò lọ́kàn mi látàná. Àwa tí à ń gbin ọkà bàbà, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀nà tí à ń gbà kórè ṣe. Ká ro imí-eṣú kúrò kí òdòdó rẹ̀ tó gbó, nítorí bó bá ti gbẹ, mímì lásán ló ń gbọn hóró dà sílẹ̀. Bí a bá ń gé ọkà, ká gé e lókè, ká má ṣe fà á tegbò-tegbò mọ́ koríko. Ká pa á lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Hóró imí-eṣú dúdú, ó tín-ín-rín, irun funfun márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ajọ̀ tó ní ojú wẹ́wẹ́ á jọ̀ ọ́ kúrò, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, bí a bá fẹ́ ọkà náà nínú atẹ́gùn, á fò lọ. Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń dáko pé lọ́dún yìí, ọkà tí a kò bá fẹ́, tí a kò jọ̀, kò ní í wọ inú àpò.